Lọ́rì Bedford tí wọ́n ní ó ti jagun: báwo lẹ ṣe ń tọpasẹ̀ rẹ̀?

Ọmọ Bedford

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi gbogbo. Bedford QLD kan, lọ́rì ẹrù ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ ọ̀kan nínú irú QL, ni mò ń tún ṣe lọ́wọ́, èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jókòó sínú kábù láàárín dírẹ́bà àti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ti ń dáhùn, bíréèkì ló kù díẹ̀, ìyẹn ò dà mí láàmú. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé mi ò mọ ẹni tó lò ó.

Ẹni tó tà á fún mi búra pé ó lọ ogun Bọ́mà, pé ọta ìbọn ló ń kó, pé nínú ẹrẹ̀ ni àwọn ṣọ́jà ti ń tì í gun òkè, ó sọ ọ́ bí ẹni pé òun gan-an ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ìwé kankan lọ́wọ́, ẹnu lásán ni. Àwo irin kékeré tó yẹ kó wà nínú kábù ti ká lọ, ihò skúrù rẹ̀ nìkan ló kù. Níbi tí mo ti ń ha ọ̀dà ilẹ̀kùn apá òsì ni mo rí lẹ́tà L funfun kan, 5 tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ohun kan tó lè jẹ́ 2 tó sì lè jẹ́ Z, ìyókù ti ṣí dànù. Páńẹ̀-bítà mi ní ká gbé gbogbo bọ́dì lọ síbi tí wọ́n á ti fi yanrìn fẹ́ ẹ títí irin á fi hàn báláú, ká lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀dà tuntun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àmì ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó ni ín gan-an ni mo fẹ́ kùn sí i lára, kì í ṣe èyí tó kàn wù mí. Ta ni mo lè kọ̀wé sí? Ṣé L yẹn tiẹ̀ jẹ́ nǹkan kan?

Kúnlé Ọlọ́dà

Ẹ dúró ná! Ẹ pe páńẹ̀-bítà yẹn kẹ́ ẹ tó ka ìyókù ohun tí mo kọ, ẹ ní kó má fọwọ́ kàn án.

Ọ̀dà yẹn ni ìwé ọkọ̀ yín. Yanrìn tí wọ́n bá fẹ́ sí i ò ní mọ ọ̀dà ogun yàtọ̀ sí ọ̀dà tí ẹni kan kùn lánàá, gbogbo rẹ̀ ló máa gbá lọ. Ẹ wá sáńdípépà tó ń gba omi, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 400 kẹ́ ẹ máa lọ sí 800, ẹ fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ wá máa fọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa á lójú kan ṣoṣo, ibi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, títí ẹ fi kan irin. Àwọn àwọ̀ á máa jáde róbótó róbótó, ọ̀kan nínú èkejì, bí ìgbà téèyàn bẹ́ orí àlùbọ́sà. Nígbà tó bá ṣì tutù ni kẹ́ ẹ ya fótò rẹ̀, nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ, torí tó bá gbẹ àwọ̀ á ṣá, ẹ ò ní lè mọ èyí tó jẹ́ ewé àti èyí tó jẹ́ ilẹ̀ mọ́.

Bó ṣe yẹ kó tò lára ọkọ̀ ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì nìyí, láti ìsàlẹ̀ wá sókè. QL bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1941, nígbà yẹn àwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní Khaki Green No. 3 ni wọ́n ń lò. Láti 1942 wọ́n bọ́ sí àwọ̀ ilẹ̀, SCC 2, torí èròjà tí wọ́n fi ń po àwọ̀ ewé ti ń ṣọ̀wọ́n. April 1944 ni àṣẹ SCC 15 jáde, olive drab tiwọn, ewé tí kò dán, kó lè sún mọ́ ti Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ogun ló wá kan Deep Bronze Green, ewé tó ń dán yẹn. Tẹ́ ẹ bá rí àwọ̀ yanrìn, ọ̀rọ̀ aṣálẹ̀ nìyẹn, tẹ́ ẹ bá sì rí búlúù tó dà bíi pé wọ́n da eérú sí i, RAF, àwọn ọmọ ogun ojú òfurufú Gẹ̀ẹ́sì, ló ni ín, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn.

Ẹ má dúró lórí ilẹ̀kùn nìkan o. Abẹ́ ìjókòó, ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, ibi tí wọ́n ti fi bóòtù de irin méjì pọ̀, inú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ń ṣí wálẹ̀, ibi tí ẹni tó kùn ún kẹ́yìn ò lè na búrọ́ọ̀ṣì dé ni òtítọ́ máa ń wà. Kẹ́ ẹ sì wo orí kábù dáadáa. Tí ìràwọ̀ funfun bá wà lábẹ́ ọ̀dà níbẹ̀, àwọn tó wà lókè nínú bàálù ni wọ́n kùn ún fún kí wọ́n má baà ju bọ́ǹbù lu ara wọn, apá ìparí ogun nìyẹn.

GMC lèmi

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà yẹn dáa, àmọ́ ká má kó arákùnrin yìí sínú ìrìn àjò tí kò ní òpin. GMC CCKW ni tèmi, ju 500,000 ni Amẹ́ríkà ṣe nínú wọn, kò sì sí ìwé kan tó máa sọ pé ọ̀kan pàtó lọ síbí tàbí lọ sọ́hùn-ún. Àwo inú kábù á sọ ọjọ́ tí wọ́n gbé e fún ìjọba, nọ́ńbà ara bọ́nẹ́ẹ̀tì á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4 torí ìpín ìwọ̀n rẹ̀ nìyẹn, ó parí. Ẹgbẹ́ tó lò ó? Àfi tí ohun tí wọ́n kọ sára bọ́ńpà bá ṣì wà, ìyẹn ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ torí bọ́ńpà ló ń kọlu igi.

Gbogbo GMC tó wà láyé ló ti ṣe Red Ball Express, àwọn lọ́rì tó ń kó ẹrù fún ṣọ́jà ní Faransé, lẹ́nu ẹni tó fẹ́ tà á. Bẹ́ẹ̀ Red Ball yẹn ò ju 25 August sí 16 November 1944 lọ o! Ẹ kùn ohun tó wù yín, kẹ́ ẹ kọ páálí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé àpẹẹrẹ ni, kẹ́ ẹ máa gbádùn ọkọ̀ yín.

Bàbá Ṣáàsì

GMC, mo gbọ́ ẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà lò ń sọ, ti Gẹ̀ẹ́sì ò rí bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Bedford, lẹ́tà yẹn jẹ́ nǹkan gan-an. Nígbà ogun, gbogbo ọkọ̀ ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì ló ní nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà tó sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́. L ni lọ́rì ńlá bíi tìẹ. Z ni àwọn kékeré tó ń ru 15 hundredweight, M ni mọ́tò, C ni alùpùpù, A ni ọkọ̀ aláìsàn, T ni ọkọ̀ ogun onírin tó ní ìbọn ńlá lórí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni lẹ́tà sì ń wà, níwájú, kò sí lẹ́tà míì láàárín. Nítorí náà ohun tó o rí lẹ́yìn 5 kò lè jẹ́ Z, 2 ni. Dígíìtì méje ni ọ̀pọ̀ QL ní, o ṣì ń wá márùn-ún. Wo ilẹ̀kùn kejì, wo iwájú, wo ẹ̀yìn, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n ń kọ káàkiri, ibi tó jẹ lápá kan lè ṣẹ́ kù lápá kejì.

Ohun kejì tó ṣe pàtàkì jù: ní 1949 wọ́n fagi lé gbogbo nọ́ńbà yẹn. Wọ́n fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó kù lọ́wọ́ wọn ní nọ́ńbà tuntun, dígíìtì méjì, lẹ́tà méjì, dígíìtì méjì. Àwọn tó ti wà láti ìgbà ogun gba lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Y tàbí Z, àwọn tuntun bẹ̀rẹ̀ láti B. Tó o bá rí irú rẹ̀ lára tìẹ, iṣẹ́ ti dé ìdajì. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ́ yanrìn sí i.

Àlejò

Gbogbo wàhálà yìí lórí lọ́rì àtijọ́ kan. Ẹ kùn eku aṣálẹ̀ yẹn sí i, gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n, ta ló máa wá yẹ̀ yín wò?

Ìyá Akọ̀wé

Àlejò, àwọn tó máa yẹ̀ ẹ́ wò pọ̀. Eku pupa yẹn, 7th Armoured Division ló ni ín, ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tó jagun lábẹ́ rẹ̀ ṣì ń wá síbi tí wọ́n ti ń pàtẹ ọkọ̀ báyìí, wọ́n á sì bi ọ́ léèrè nígbà tó o bá jókòó tì í tó ò ń rẹ́rìn-ín. Mi ò ní í sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ Bedford, ẹ fara balẹ̀ ka tèmi, torí ẹni tẹ́ ẹ bá kọ̀wé sí àti ohun tẹ́ ẹ bá béèrè ló máa sọ bóyá wọ́n á lè ràn yín lọ́wọ́.

Ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì pín ọkọ̀ wọn sọ́nà mẹ́ta, èyí yàtọ̀ sí lẹ́tà iwájú nọ́ńbà tí Bàbá Ṣáàsì sọ. A ni àwọn tó gbé ìhámọ́ra irin wọ̀, B ni lọ́rì àti mọ́tò lásán, C ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la ọ̀nà. B ni tiyín. Kádì àwọn ọkọ̀ B tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn 1949 wà lọ́wọ́ Royal Logistic Corps Museum. Deepcut ni mùsíọ́ọ̀mù yẹn wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ti kó lọ sí Worthy Down nítòsí Winchester, àdírẹ́sì àtijọ́ ṣì kún orí ayélujára, ẹ má fi lẹ́tà yín ránṣẹ́ síbẹ̀. Ìdí tó fi jẹ́ ọ̀dọ̀ wọn ni pé RASC tó ń wa lọ́rì ẹrù nígbà ogun di Royal Corps of Transport ní 1965, nígbà tó di 1993 wọ́n pa á pọ̀ mọ́ àwọn míì, ó di RLC, ìwé wọn sì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Ohun tí wọ́n máa fẹ́ lọ́wọ́ yín ni nọ́ńbà oní-Y tàbí oní-Z yẹn pẹ̀lú nọ́ńbà ṣáàsì. Ẹ máa san owó ìwákiri, ẹ sì ní láti ní sùúrù.

Lórí kádì, ẹ má retí ìtàn. Ọjọ́ tí wọ́n gbà á wọlé, kọ́ńtíráátì rẹ̀, ọgbà tí wọ́n ń kó ọkọ̀ sí, ẹgbẹ́ tí wọ́n yà á fún, ọjọ́ tí wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ní ìkékúrú lẹ́tà téèyàn á máa tú bí àlọ́. Inú àwọn kan máa ń bàjẹ́ nígbà tí kádì bá dé tí wọ́n rí i pé inú ọgbà ni lọ́rì akọni wọn ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀, lábẹ́ tapólì.

Ti nọ́ńbà L ìgbà ogun, Tank Museum ní Bovington ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí. Ìwé kọ́ńtíráátì wà níbẹ̀ tó sọ pé láti nọ́ńbà báyìí dé báyìí, Bedford ló ṣe é, irú QL wo ni, ọdún wo ni wọ́n pàṣẹ fún un. Kò ní í sọ ẹgbẹ́ tó lò ó o. Àmì ara ọkọ̀ nìkan ló lè sọ ìyẹn fún yín. Ẹ̀yà ẹgbẹ́ máa ń wà nínú ìgun mẹ́rin aláwọ̀ kan pẹ̀lú nọ́ńbà funfun, àmì division máa ń wà lápá kejì, níwájú àti lẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá rí ìgun mẹ́rin tí wọ́n là dẹ̀gẹ̀rẹ̀, pupa lókè ewé nísàlẹ̀, RASC nìyẹn. Tó bá jẹ́ pupa lókè búlúù nísàlẹ̀ tí wọ́n là á gbọọrọ, àwọn oníbọn ńlá ló ni ín.

Ìgbà tẹ́ ẹ bá ti mọ ẹgbẹ́ ló tó kan National Archives ní Kew. Ìwé tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kọ lójoojúmọ́ nígbà ogun wà níbẹ̀: WO 166 fún àwọn tó wà nílé ní Gẹ̀ẹ́sì, WO 169 fún Middle East, WO 170 fún Ítálì, WO 171 fún Faransé títí wọ Jámánì. Ẹ ò ní rí nọ́ńbà lọ́rì yín níbẹ̀, àwọn ọ̀gá ṣọ́jà ò ráyè ìyẹn, ohun tẹ́ ẹ máa rí ni pé lọ́rì mẹ́ta rì sínú ẹrẹ̀, mẹ́fà tuntun dé. Fótò tó wà ní Imperial War Museums náà dáa láti wò, ṣùgbọ́n ẹ má yà tẹ́ ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti fi nǹkan ha àmì ẹgbẹ́ kúrò lára fótò, iṣẹ́ àwọn tó ń ṣọ́ àṣírí nìyẹn.

Ohun kan ṣì kù, ẹ lè gba ẹ̀yìn wọlé. Ta ni ó kọ́kọ́ rà á lọ́wọ́ ìjọba? Tó bá ti ní nọ́ńbà aráàlú ní Gẹ̀ẹ́sì rí, ìwé ìforúkọsílẹ̀ àtijọ́ ti ọ̀pọ̀ ìbílẹ̀ wà lọ́wọ́ Kithead Trust ní Droitwich. Ọjọ́ tí aráàlú kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ á sọ fún yín ìgbà tí ṣọ́jà fi í sílẹ̀.

GMC lèmi

Mummy, ẹ ṣeun, àmọ́ ṣé kì í ṣe ohun tí mo sọ náà lẹ sọ yẹn? Pé ìwé ìgbà ogun ò sọ ẹni tó lò ó.

Ìyá Akọ̀wé

Mo gbà fún ọ dé ààbọ̀. O ní kò sí nǹkan kan, èmi ní ìgbà ogun ṣòro, lẹ́yìn ogun wà. Lọ́rì kì í kú lọ́jọ́ tí Hitler kú.

Ọmọ Bedford

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti dá páńẹ̀-bítà dúró, kò bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa láti ìgbà yẹn.

Mo ṣe bí bọ̀dá Kúnlé ṣe wí. Lára ilẹ̀kùn òsì, pupa tí aráàlú kùn ló wà lókè, ewé tó ń dán tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ewé tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tí kò dán, L 5 2 wà lórí ìyẹn, lẹ́yìn rẹ̀ ọ̀dà ìpìlẹ̀, ó kan irin. Abẹ́ ìjókòó yàtọ̀: ewé tó ń dán, ewé tí kò dán yẹn, lẹ́yìn náà àwọ̀ ilẹ̀ gbàà, kó tó kan irin. Iwájú ọkọ̀, lábẹ́ gíláàsì, mo rí nọ́ńbà funfun lórí ojú dúdú, lẹ́tà méjì tó wà láàárín hàn kedere, YY, dígíìtì tó ṣáájú hàn, èyí tó kẹ́yìn ni mò ń fi ọwọ́ wá lọ́wọ́. Orí kábù ò ní ìràwọ̀ kankan.

Bàbá Ṣáàsì

YY! O ò gbọ́ nǹkan! A jẹ́ pé ọkọ̀ náà ja ogun já, ṣọ́jà ṣì ń lò ó ní 1949. Kádì rẹ wà níbì kan.

Tọ́lá Onígírísì

Ẹ kú ìṣẹ́gun o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n da omi tútù díẹ̀ sí i. Ẹ tún ka ohun tó kọ. Ilẹ̀kùn ò ní àwọ̀ ilẹ̀, abẹ́ ìjókòó ní in. Ìyẹn ni pé kábù yẹn ti wà kí April 1944 tó dé, àmọ́ ilẹ̀kùn kọ́kọ́ rí ọ̀dà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ méjì lẹ̀ ń wò nínú ọ̀kan.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Lẹ́yìn ogun, wọn ò ju lọ́rì nù, wọ́n ń kó wọn lọ sí wọ́kúṣọ́ọ̀bù ńlá, REME, ẹ̀ka ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ló ń bójú tó o, wọ́n á tú wọn palẹ̀, ẹ́ńjìnnì sápá kan, àkísù sápá kan, ilẹ̀kùn sápá kan, wọ́n á tún gbogbo rẹ̀ ṣe, wọ́n á sì tò ó padà láti inú òkìtì. Ta ló ń wá ilẹ̀kùn tó bí i? Ilẹ̀kùn QL ni ilẹ̀kùn QL. Nítorí náà L 5 2 yẹn lè jẹ́ ti ilẹ̀kùn nìkan, kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ní L míì. Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Ẹ má tiẹ̀ gbé nọ́ńbà rẹ̀ lé nǹkan kan.

Ohun tí kì í yí padà ni irin ṣáàsì. Ẹ fọ gírísì ara rẹ̀ pẹ̀lú kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì, ẹ má lo ẹ̀rọ tó ń ha irin, nọ́ńbà tí wọ́n fi òòlù lù mọ́ ọn ò jìn. Tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ fi ẹfun pa á lójú kẹ́ ẹ tó ya fótò. Níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ bá wà lábẹ́ níbẹ̀, ẹ wọn bí ṣáàsì ṣe gùn kọjá àkísù ẹ̀yìn. QLT tó ń kó ọmọ ogun 29 gùn ju QLD lọ, àwọn kan sì wà tí wọ́n gbé bọ́dì ẹrù lé lẹ́yìn. QLR tó jẹ́ ti àwọn oníwáyálẹ́ẹ̀sì náà, ilé pákó wà lẹ́yìn rẹ̀, aráàlú máa ń yọ ìyẹn jù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ihò tí kò sí ohun tó ń de nínú rẹ̀ mọ́, ẹ kà á, ẹ yà á sínú ìwé.

Kúnlé Ọlọ́dà

Tọ́lá, mi ò gbà tán. Tó bá jẹ́ pé wọ́kúṣọ́ọ̀bù tú u palẹ̀ bí o ṣe wí, wọ́n á ti ha gbogbo ọ̀dà dé irin, kí ló dé tí àwọ̀ ilẹ̀ ṣì fi wà lábẹ́ ìjókòó? Ilẹ̀kùn kan tó jáǹbá ni wọ́n pààrọ̀, tàbí tí wọ́n ha mọ́ nìkan kí wọ́n tó kùn ún ní SCC 15, gbogbo ìyókù wà bó ṣe wà. Nọ́ńbà lórí rẹ̀ sì lè jẹ́ ti ọkọ̀ yìí gan-an.

Tọ́lá Onígírísì

Ṣé gbogbo wọ́kúṣọ́ọ̀bù ló ń ha abẹ́ ìjókòó ni? Ibi tójú ò tó, wọ́n ń fẹ́ ọ̀dà lé e lórí ni. Ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀kùn ọ̀tún. Tí L kan náà bá wà níbẹ̀, mo gbà fún ẹ.

Ọkọ̀ Ṣọ́jà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹnikẹ́ni ò tíì dáhùn ọ̀rọ̀ Bọ́mà, òun ló sì gbé mi wá síbí.

Àwọn ará wa tó lọ ogun yẹn, 81 àti 82 (West African) Division ni wọ́n wà. Àmì 81 ni aláǹtakùn dúdú lórí yẹ́lò. Mo mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá ní lọ́rì àtijọ́ ló máa wù kó kùn aláǹtakùn yẹn sí i, ó wu èmi náà. Àmọ́ ní àfonífojì Kaladan níbi tí 81 ti jà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1944, orí làwọn alárù fi ń ru ẹrù, bàálù ló ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn. Ọ̀nà tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ gba orí òkè wọbẹ̀, West African Way, gùn tó 75 máìlì, jíìpù ni wọ́n là á fún. Lọ́rì tọ́ọ̀nù mẹ́ta bíi QL, níbo ló máa gbà? Tí ọkọ̀ yín bá tilẹ̀ lọ sápá ibẹ̀, ẹ̀yìn ogun ló máa wà, lójú títì, lọ́wọ́ àwọn míì.

Kí ni SCC 15 ń ṣe lára rẹ̀, kí ló dé tó fi wá gba nọ́ńbà YY? Lójú tèmi, ilé ni lọ́rì yìí wà tàbí Yúróòpù, kò rí Bọ́mà rí.

Ìyá Akọ̀wé

Àlàyé Kaladan yẹn tọ̀nà, ọpẹ́ ni fún ẹni tó rántí àwọn alárù. Ṣùgbọ́n YY ò lè fi hàn pé kò lọ, gbogbo ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì ní 1949 ló gba nọ́ńbà tuntun, ibi yòówù kó wà. Ẹni tó bá fẹ́ wádìí apá Bọ́mà, WO 172 ni ìwé wọn wà ní Kew. Ẹ jẹ́ kí kádì sọ̀rọ̀ kó tó di pé a lé ẹlẹ́jọ́ sọ́wọ́ òsì tàbí ọ̀tún.

Ọmọ Bedford

Ìròyìn tuntun. Ilẹ̀kùn ọ̀tún ní àwọ̀ ilẹ̀ nísàlẹ̀ bíi ti abẹ́ ìjókòó, lórí ìpele òkè rẹ̀ mo rí L, mo rí 4 lẹ́yìn rẹ̀, 4 ni, kì í ṣe 5, mo fi gíláàsì wò ó, ìyàwó mi náà wò ó. Bọ̀dá Tọ́lá, ẹ jàre wọn. Ṣáàsì gùn bó ṣe yẹ kí QLD gùn, ihò tí kò yé mi méjì péré ló wà lẹ́yìn kábù. Nọ́ńbà ṣáàsì ti jáde, ó mọ́ kedere. Mo ti rí gbogbo nọ́ńbà YY náà, mo ti kọ ìméèlì sí Worthy Down pẹ̀lú méjèèjì, fótò mẹ́rin tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ wá ku méjì. Kádì á pẹ́, àwọ̀ wo ni kí n fi sí i lára báyìí, ìpata á jẹ irin tí mo bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìkejì, mo rí ibi tí wọ́n ti ń ta àwo irin inú kábù tuntun tó jọ ti àtijọ́. Ṣé kí n rà á kí n lu nọ́ńbà sí i?

Kúnlé Ọlọ́dà

Tọ́lá, o gba màálù lọ́wọ́ mi lónìí 😂

Ọ̀dà: Deep Bronze Green pẹ̀lú nọ́ńbà YY rẹ̀. Ìgbé ayé rẹ̀ tẹ́ ẹ ní ẹ̀rí fún nìyẹn. SCC 15 pẹ̀lú L, ẹ ò tíì mọ dígíìtì tó kù, kí lẹ fẹ́ kọ?

GMC lèmi

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ló ń wá wo lọ́rì ewé tó ń dán níbi ìpàtẹ? Ìràwọ̀ ni àwọn ọmọdé ń fẹ́.

Kúnlé Ọlọ́dà

Orí kábù ò ní ìràwọ̀, ó ti sọ bẹ́ẹ̀. Lọ kùn ìràwọ̀ sára GMC tìẹ.

Ọmọ Bedford, kẹ́ ẹ tó fẹ́ ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí i, ẹ fi páálí àti téèpù bo ibi tí L wà lára ilẹ̀kùn méjèèjì àti ojú tẹ́ ẹ pa lábẹ́ ìjókòó. Ẹ fi fáníìṣì tí kò ní àwọ̀ bo èyí tó wà lábẹ́ ìjókòó, kó wà bẹ́ẹ̀ títí. Ti ilẹ̀kùn, tó bá jẹ́ dandan kẹ́ ẹ kùn ún, ẹ fi rọ́bà tó mọ́ gaara lé e kẹ́ ẹ fi pẹ́ńsùlù fa gbogbo lẹ́tà rẹ̀ jáde, pẹ̀lú bí ó ṣe ga àti bó ṣe jìn sí etí ilẹ̀kùn. Ẹ fi owó ẹyọ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú fótò kí ìwọ̀n lè hàn.

Tọ́lá Onígírísì

Àwo irin ńkọ́? Ẹ má lu nọ́ńbà kankan sí i. Èèyàn tó máa ra ọkọ̀ yẹn lọ́wọ́ ọmọ yín lọ́jọ́ iwájú ò ní mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ lù ú, á gbé e lé e bí ìwé mímọ́.

Bàbá Ṣáàsì

Rárá, Tọ́lá, ìyẹn ti le jù. Àwo náà yẹ kó wà, kábù á dà bí ẹni tí eyín rẹ̀ ká tó bá ṣófo. Ọmọ Bedford, rà á, ṣùgbọ́n fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo títí kádì á fi dé. Nọ́ńbà ṣáàsì tó o rí lára irin gan-an nìkan ni kó o lù sí i, má lu ọjọ́, má lu kọ́ńtíráátì àyàfi tó bá wà lórí kádì. Lẹ́yìn àwo, lápá tó kọjú sí irin, lu ọdún tí ìwọ fi í sí i. Ẹni tó bá yọ skúrù rẹ̀ á rí i.

Kó o sì rán fótò ihò méjì ẹ̀yìn kábù yẹn wá. Mo ní ohun kan lọ́kàn.